Ewé Tí A Kì Í Dá Mu

Èmi ni mo sọ ọ́. Kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ń kà á má baà máa wá ẹlòmíràn tí yóò di ẹ̀bi rù. Kì í ṣe àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, kì í ṣe ọ̀gá báńkì, kì í sì í ṣe Màmá rárá. Ẹnu tèmi ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde, ní ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, tí egungun adìyẹ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rín ni mo ń wá. Mo sì rí ẹ̀rín náà, ó pọ̀ ju èyí tí mo wá lọ.

Ilé Màmá ni mo ń gbé, ní Duport Road, níhìn-ín ní Monrovia. Òun kọ́ ló bí mi. Opó ni, ọmọ Èkìtì. Iṣẹ́ ẹnjiníà ni ọkọ rẹ̀ wá ṣe ní Làìbéríà kí n tó dáyé. Ọkọ kú, àwọn ọmọ fọ́n ká, wọ́n ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn, ó ní òun ò lè fi àádọ́rin ọdún máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan iná ìdáná ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró. Yàrá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni mo gbà. Iṣẹ́ tèmi, fóònù ni mo ń tún ṣe ní Randall Street, lábẹ́ agboòrùn ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ. Ìwé mi kò jìnnà. Kíláàsì kẹta girama ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, tàbí kí n sọ òótọ́, ibẹ̀ ni ìwé ti fi mí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ewé náà dáadáa, torí òun ló fà á. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá. Àwọn ará Bàsá, ẹ̀yà kan níbí, ní orúkọ tí wọ́n ń pè é. Mo ti gbìyànjú láti pè é lójú obìnrin Bàsá tó ń ta èédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, mi ò sì dán an wò mọ́. Nínú ilé tiwa, Ewé ni. Bí Màmá bá ní, "Ta ló fọwọ́ kan Ewé mi?" kò sẹ́ni tó máa rò pé gbúre ló ń sọ. Igi kékeré ni, kò ga ju ìbàdí lọ. Bí o bá fọwọ́ rún ewé rẹ̀, òórùn rẹ̀ á dà bí ìgbà tí èèyàn ń bó ọsàn nítòsí efinrin.

Ìgbà ogun abẹ́lé ibí ni Màmá mọ̀ ọ́n. Òun àti aládùúgbò rẹ̀ kan, obìnrin Bàsá mìíràn tó ti di olóògbé báyìí, jọ há mọ́ yàrá kan pẹ̀lú àwọn ọmọ. Oúnjẹ ò sí, ẹ̀rín ò sì sí. Obìnrin náà yọ́ jáde lọ já ewé, ó da omi gbígbóná lé e, wọ́n jọ mu ún nínú ife kan ṣoṣo. Màmá ní ìbọn ń dún lóde, àwọn sì ń rẹ́rìn-ín nínú ilé.

Mo bi í pé, "Kí lẹ wá ń rín, Màmá?"

"Ọkọ wa ni. Kí tún ni?"

Ọ̀nà méjì ni Màmá ń gbà lò ó, ìyàtọ̀ méjèèjì sì ni gbogbo ìtàn yìí. Èkíní ni ewé, èkejì ni egbò, ìyẹn gbòǹgbò rẹ̀.

Ti ewé, àárọ̀ la ń já a, tí ìrì bá ti gbẹ, tí oòrùn ò tíì mú. Ọ̀mùnú rẹ̀ nìkan la ń já. A kì í sá a sóòrùn, torí òórùn rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, oòrùn á sì kó gbogbo rẹ̀ lọ. Inú asẹ́ la ń tẹ́ ẹ sí, lábẹ́ òrùlé, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ṣùgbọ́n Monrovia la wà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ níbí, aṣọ gan-an kì í gbẹ, bàtà á hu irun. Nígbà náà Màmá á so àwọn asẹ́ mọ́ àjà ilé ìdáná, níbi tí ooru á ti kàn án tí èéfín ò sì ní kàn án, gbogbo wa á wá máa tẹríba kọjá lábẹ́ wọn bí ẹni tó ń lọ sídìí pẹpẹ. Bí ó bá gbẹ tán, ọwọ́ la fi ń rún un. A kì í gún un. Màmá ní odó máa ń bí i nínú.

Omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ máa hó lọ́wọ́. Kó hó, ká sọ ọ́ kalẹ̀, kó sinmi díẹ̀. Ká fi ìka mẹ́ta bu ewé sínú ife, ká da omi lé e, ká fi àwo kékeré dé e, ká wá ka Sáàmù kẹtàlélógún láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìkánjú. Bí o bá kánjú, á fúyẹ́. Bí o bá ka Sáàmù tó tẹ̀ lé e mọ́ ọn, á korò. Mo bi Àáfà kan tó máa ń wá gba tirẹ̀ pé báwo ni òun ṣe ń wọn tòun. Ó ní Fàtíà márùn-ún, ṣùgbọ́n ó ní kí n má sọ fún Màmá, torí òun máa ń fi oyin sí i.

Kì í pani bí ọtí. Ó kàn dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá ti ẹ̀yìn wá, tó bá ọ sọ ẹrù orí rẹ láìsọ̀rọ̀. Àwọn tó ṣọ̀fọ̀ ni Màmá ń fún, àwọn abiyamọ tí ọkàn wọn rẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn ìbímọ, àwọn tí àárò ilé ń sọ, tí wọn ò sì lè lọ sílé. Òfin kan ṣoṣo ló fi dè é: a kì í dá a mu. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì ọ́, kí ó mu tirẹ̀. "Bí o bá dá a mu," bẹ́ẹ̀ ni Màmá ń wí, "omi gbígbóná lo mu. Ewé náà á wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, kò ní rí, á bá oorun tirẹ̀ lọ."

Egbò ni ti lọ́kọláya. Ìyẹn ni wọ́n ń torí rẹ̀ rọra kan ilẹ̀kùn wa. A ó bó egbò, a ó gé e wẹ́wẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú ọtí ìrèké tí àwọn ará ibí ń pọn, pẹ̀lú atare mélòó kan àti atalẹ̀, ọjọ́ méje gbáko nínú ìgò tí a fi aṣọ dí lẹ́nu. Ife kékeré ni a ń mu. Èyí náà lófin tirẹ̀: tọkọtìyàwó ni yóò jọ wá. Màmá á kọ́kọ́ pe ìyàwó wọ ilé ìdáná, á bi í bóyá òun alára fẹ́ ẹ. Bí ìyàwó bá ní òun ò fẹ́, Màmá á jáde wá sọ fún ọkọ pé egbò ti tán, kódà bí ìgò mẹ́fà bá wà lójú ọkùnrin náà lórí tábìlì.

Ọ̀gá báńkì kan nínú ìjọ wa dá wá lọ́jọ́ kan. Ó gbé mọ́tò rẹ̀ sí ọ̀ọ́kán, ó fẹsẹ̀ rìn wá bí ẹni tó wá kí wa.

"Ẹ káàsán, Màmá."

"Ẹ káàsán, ọ̀gá. Ìyàwó ńkọ́?"

"Wọ́n wà nílé, mà."

"Ara wọn le?"

"Ara wọn le dáadáa."

"Ẹ lọ mú wọn wá."

Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni."

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin." Màmá gbé ohùn tirẹ̀ sókè. "Ṣé ìwọ nìkan lo máa ń sùn lórí ibùsùn ọ̀hún ni? Egbò gba sùúrù, ọ̀gá. Lọ mú ìyàwó rẹ wá."

Aládùúgbò wa eléèédú na ọrùn láti ẹ̀yìn ọgbà. "Old Ma, da what the man want-o?"

"He want root, but he forget his wife!"

Ẹ̀rín sọ lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀gá náà dé mọ́tò rẹ̀ kí ẹ̀rín tó dé ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá rí Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ló máa ń kí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an ni Tíṣà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìjọ ń pè é. Ìjẹ̀ṣà ni, ìṣirò ló fi kọ́ àwọn ọmọ Làìbéríà títí ó fi fẹ̀yìntì. Ní Caldwell ló ń gbé, létí odò Saint Paul. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó dákẹ́ orin. Ẹni tó jẹ́ pé òun ni ohùn ìsàlẹ̀ gbogbo akọrin wa, tí bẹ́ǹṣì máa ń gbọ̀n lábẹ́ wa bí ó bá ti dé "Àmín". Ó kàn máa ń dúró ni, ìwé orin á ṣí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu á wà ní pípadé. Ó rù, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá dà bí èyí tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Màmá dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Tíṣà, ẹ wá mu omi gbígbóná lọ́dọ̀ mi ní Sátidé."

"Omi gbígbóná wà nílé mi, Ìyáàfin."

"Ta ló ń bá yín mu ún?"

Bàbá fi ìwé orin há abíyá, ó lọ. Ní Sátidé, ó dé.

Láti Caldwell sí Duport Road kì í ṣe ìrìn àgbàlagbà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, takisí, kẹ̀kẹ́ mìíràn. Àga méjì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Sátidé àkọ́kọ́, wọn ò sọ̀rọ̀. Èkejì, wọn ò sọ̀rọ̀. Ní ẹ̀kẹta, Bàbá ní omi náà ti gbóná jù. Màmá ní kó fẹ́ ẹ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ariwo wọn ni mo fi ń jí lójú oorun ọ̀sán.

"Ẹ̀yin Èkìtì, bí ẹ ò bá rí iyán, ẹ kì í gbà pé ẹ ti jẹun."

"Ìjẹ̀ṣà ló wá ń bú onííyán! Ta ló jẹ dọ́mbọ́ì láàárọ̀ yìí tó ní ó dùn ju iyán lọ?"

"Mi ò ní ó dùn jù. Mo ní ó rọ̀ jù."

"Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gún, Tíṣà! Ẹ̀gẹ́! Ẹ má tàbùkù ara yín."

Bàbá á wá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ohùn ìsàlẹ̀ ni, ewúrẹ́ eléèédú á sá. Lẹ́yìn ẹ̀rín, wọn á rọ̀, ọ̀rọ̀ á wálẹ̀, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyàwó tó kú ni, torí Màmá kì í dá sí i nígbà náà. Bí ó bá ń lọ, Màmá á pọ́n ewé díẹ̀ sínú ìwé fún un, á ní, "Bí àlejò bá wá kí yín, ẹ bá a mu ún." Ewé ni o. Ewé lásán. Èmi ni mo ń fọ àwọn ife, mo mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ wọn.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, Bàbá la ẹnu. Orin kejì ni. Ohùn náà ti ẹ̀yìn wa wá bí ìgbà tí wọ́n ń ti tábìlì ńlá, gbogbo ìjọ yíjú padà. Màmá nìkan ni kò yíjú. Ó tẹjú mọ́ ìwé orin rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ibí ni èmi ti wọlé.

Ìjọ àwọn tó kàwé ni ìjọ wa. Dókítà, báńkà, olùkọ́. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ọmọ wọn máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa jẹ adìyẹ, èmi á wà létí bẹ́ǹṣì. Wọn ò lé mi rí. Wọn ò kàn rí mi ni, àfi tí fóònù bá já bọ́. Lọ́jọ́ náà, ohùn Bàbá ni wọ́n ń sọ. Ọ̀kan ní, "Tíṣà don find power o! Kí ni bàbá yìí ń jẹ?"

Mo gbọ́ ẹnu mi tó ní, "Ẹ bi Màmá. Sátidé sí Sátidé ló ń wá mu egbò."

"Egbò wo?"

"Egbò lọ́kọláya."

Ó dákẹ́ lọ bí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ kú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín dé. Ọmọ dókítà kan ṣubú kúrò lórí bẹ́ǹṣì.

"Lọ́kọláya! Ta wá ni ìyàwó?"

"Ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ fẹ́ kí n sọ ni?"

Wọ́n tún rín in. Mo ní ife méjì méjì ni Bàbá ń mu. Mo dìde, mo fi bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ hàn wọ́n àti bí ó ṣe ń padà lọ, èyí àkọ́kọ́ ní títẹ̀, èkejì ní fífò. Ọmọbìnrin kan fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ padà jókòó, wọ́n sún fún mi. Àárín bẹ́ǹṣì ni mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, apá ẹnì kan kàn mí lọ́tùn-ún, apá ẹnì kan kàn mí lósì. Mi ò ní parọ́, ó dùn mọ́ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí Bàbá bá ti gbé ohùn ìsàlẹ̀, ìjókòó àwọn ọ̀dọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Èmi náà húkọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí i ni àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin ṣe àjọ̀dún wọn, ọ̀gá báńkì yìí ló dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ akọrin. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mi ò mọ ẹnu tó gbà dé ibẹ̀.

"Àti Tíṣà wa," ó ní, "tó ń fi okun tuntun kọrin. Tíṣà, ẹ rọra o. Màmá fúnra wọn ló sọ fún mi pé egbò yẹn gba sùúrù."

Ẹ̀rín ńlá. Àwọn àgbàlagbà pàápàá ń fi ìwé ètò ìsìn bo ẹnu. Bàbá Tíṣà ò bínú, ìyẹn ni mi ò lè gbàgbé. Ó kàn wo Màmá láti òdìkejì ṣọ́ọ̀ṣì, ó wò ó pẹ́, bí ìgbà tí tíṣà bá rí ìdáhùn tí kò tọ́ nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tó fọkàn tán jù. Màmá, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá náà dáadáa láti ibi tó jókòó sí, rẹ́rìn-ín sí i. Bàbá pa ìwé orin dé. Kí wọ́n tó ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ó ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde.

Sátidé dé, Màmá gbé ife méjì kalẹ̀. Ó da omi, ó dé e, ó ka Sáàmù kẹtàlélógún. Kẹ̀kẹ́ kan dúró níwájú ilé, obìnrin aláta ló sọ̀ kalẹ̀. Màmá ka Sáàmù kẹrìnlélógún. Mo wà lójú fèrèsé mi, mo ń gbọ́ ọ. Ó ka dé ọgbọ̀n, ó sì ń kà á lọ. Nígbà tó yá, ó da ife méjèèjì sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ó pè mí. "Ṣé o gbọ́ nǹkan nípa Tíṣà?"

"Rárá o, mà. Bóyá kẹ̀kẹ́ ló ṣọ̀wọ́n."

Sátidé kejì, mo ní òjò ni. Òjò rọ̀ lóòótọ́, Ọlọ́run bá mi dá sí irọ́ yẹn. Ní ẹ̀kẹta, Màmá pè é lórí fóònù. Bàbá ní, "Ẹ ṣé, Ìyáàfin. Ara mi ti yá," ó sì pa á.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, a ń já ewé, òun nídìí kan, èmi nídìí kejì. Ó ní, "Mo ti yí i síwá sẹ́yìn. Ṣé nítorí ọ̀rọ̀ iyán yẹn ni inú fi bí Tíṣà?"

Nítorí iyán! Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbi tí mo lóṣòó sí: adìyẹ, bẹ́ǹṣì, ife méjì, ikọ́. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó gbé ọwọ́ kúrò lára ewé.

"Egbò?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá."

"O ní egbò ni mo fún Tíṣà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tíṣà tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn mẹ́ta ilé mi, orí èkejì ló ti ń sinmi?"

Mi ò lè gbójú sókè. Mo gbọ́ tí nǹkan ń dún nínú ọ̀fun rẹ̀, mo rò pé ẹkún ni, ẹ̀rín ni. Ó rín in títí ó fi di igi ewé mú. "Ife méjì! Yéè! Egbò méjì nínú Ìjẹ̀ṣà yẹn, ẹ̀yin ò bá ti gbé e sin!" Obìnrin eléèédú béèrè láti ẹ̀yìn ọgbà pé kí ló ṣẹlẹ̀, Màmá ò lè dá a lóhùn. Ó wá fi etí ìró nu ojú, ó tún nù ún, ó ń nù ún lọ, mo sì rí i pé ẹ̀rín náà ti kúrò nínú rẹ̀ tipẹ́.

"Ó rò pé èmi ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ òun kiri," ó ní. "Gbogbo ohun tó sọ fún mi lórí àga yẹn. Ó rò pé mo ń kó o tà."

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Dìde. Má ba aṣọ rẹ jẹ́. Èmi ti gbọ́ tèmi. Òun ni kò tíì gbọ́. Caldwell ni kí o lọ."

Mo lọ ní Sátidé. Ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní pẹ́npẹ́n níbí, ni mo gùn, mo sì ń kọ́ gbólóhùn mi lẹ́yìn ọlọ́kadà: Bàbá, èmi ni mo sọ ọ́, Màmá ò sọ nǹkan kan. Mo sọ ọ́ tó ìgbà ogún. Ọlọ́kadà yíjú. "My man, you talking to me?" Mo ní rárá. Ó ní, "Then talk small-small, you spitting on my neck."

Bàbá rí mi láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. "Ọmọ fóònù! Ọlọ́run ló rán ọ." Lẹ́tà inú fóònù rẹ̀ ti kéré títí kò rí i kà mọ́. Mo sọ ọ́ di ńlá fún un. Ó kà á sókè, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé pọ́npọ́n kan jáde, ewé Màmá ló wà nínú rẹ̀.

"Ewé yìí ti kú," ó ní. "Lójoojúmọ́ ni mò ń da omi gbígbóná lé e, koríko ni mò ń mu."

"Ta ló ń bá yín mu ún, Bàbá?"

Ó bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Bàbá wò mí. Ó dìde, ó lọ mú ife kejì.

Èmi ni mo da omi lé ewé náà. Mo dé e, mo bẹ̀rẹ̀ Sáàmù, mo fo ẹsẹ kan, Bàbá dá mi padà sí i bí ẹni tó ṣì di pàṣán mú. A mu ún. Àga kejì tí mo jókòó lé dojú kọ odò. Bí ara mi ṣe ń fúyẹ́, ahọ́n mi náà ń fúyẹ́, mo sọ ìtàn oníbàárà mi kan fún un, obìnrin tí fóònù rẹ̀ bọ́ sómi, tí wọ́n ní kó rì í mọ́ inú ìrẹsì kí ó lè gbẹ. Ọkọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ebi ń pa á, ó dá ìrẹsì náà síná. Bàbá ní, "Ó sè é?" Mo ní ó sè é, Bàbá, ó tún fi ata sí i. Ẹ̀rín bú jáde. Odò gbọ́ ọ.

Ó nu ojú rẹ̀. "Ìyáàfin yẹn," ó ní, "mo fọkàn tán an. Ohun tí mo sọ fún un, mi ò sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí mo bí. Mi ò mọ̀ pé ó lè fi mí ṣe àwàdà."

Ibẹ̀ ni. Kò sí ibi tó tún dára ju ibẹ̀ lọ. Gbólóhùn náà ti wà lẹ́nu mi. Bàbá bá fọwọ́ lé èjìká mi.

"Ìwọ ṣe ọmọ. Ìwọ nìkan lo wá wò mí."

Mo gbé ife sẹ́nu. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, mo ṣáà gbé e sẹ́nu.

Nígbà tí mo padà dé, Màmá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ṣé o sọ ọ́?"

"Màmá, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí i bí ó ṣe rín in."

"Mi ò bi ọ́ ní ti ẹ̀rín."

"Mi ò tíì sọ ọ́, mà."

Ó wò mí. "Ewé wà nílé rẹ̀?"

"Ó wà."

"Ta ló bá a mu ún?"

"Èmi ni, mà."

Ó dìde. "Àyè mi lo lọ jókòó sí yẹn," ó ní, ó sì wọlé.

Kò bú mi. Kò lé mi kúrò nílé. Ohun tó ń ṣe le jù bẹ́ẹ̀: ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, mo máa ń bá ewé tó tó ẹni méjì tí ó pọ́n sínú ìwé lẹ́nu ọ̀nà mi. Kì í sọ pé ti ta ni. Mo ti lọ sí Caldwell lẹ́ẹ̀márùn-ún báyìí. Bàbá ti ń sanra díẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nítòsí rẹ̀ tó ń lọ, kò tíì kọrin níbẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá rín, mo máa ń sọ fún ara mi pé jẹ́ kó rín èyí tán ná. Tó bá rín in tán, mo máa ń sọ pé báwo ni mo ṣe fẹ́ bà á jẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún mi lórí àga yẹn ti ń wálẹ̀. Ó ti sọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń pa iná fún un tí ó bá sùn sórí ìwé. Èmi kọ́ ló yẹ kí n gbọ́ ìyẹn.

Ní Sátidé tó kọjá, ó gbé ife sílẹ̀, ó wá bi mí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, "Ìyáàfin ńkọ́? Ara wọn le?"

Mo ní, "Ara wọn le, Bàbá."

Ó ní, "Ó dáa." Ó ń retí. Mo rí i pé ó ń retí kí n fi nǹkan kan kún un. Mo ní kó mú fóònù rẹ̀ wá, kí n wo bátìrì.

Gbèsè mi nìyí, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ níbí torí ẹnu mi kò tíì gbé e. Mo jẹ Bàbá ní gbólóhùn kan, pé èmi ni, Màmá kọ́. Mo sì jẹ Màmá ní àga kan létí odò ní Caldwell, tí mo ṣì ń jókòó lé.